Kọ̀ǹpútà Tó Ń Gba Àṣẹ Lọ́wọ́ Ẹnikẹ́ni

Yàrá Pọ́ǹpù,
Ilé-iṣẹ́ Omi,
Ìsàlẹ̀ Ilé.
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹfà.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ìbáwí,
Ilé-iṣẹ́ Omi,
Àjà Kẹta.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ LÓRÍ ÀǸTÍ JẸ́JẸ́ ÀTI KỌ̀ǸPÚTÀ TÍ KÌ Í BÉÈRÈ ẸNI TÓ Ń PÀṢẸ

1. Èmi ni olórí àwọn tó ń ka ìwọ̀n omi ní yàrá pọ́ǹpù. Nítorí igbákejì mi, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí Jẹ́jẹ́, ni mo ṣe ń kọ̀wé. Ẹ ti dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́, mo sì gbọ́ pé Ọjọ́bọ̀ ni ẹ ó lé e pátápátá. Ó dùn mí wọra.

2. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni àwa àti ẹnjiníà jọ ń lò. Ojú rẹ̀ dúdú kirikiri, kò sí àwòrán kankan níbẹ̀, àṣẹ la máa ń kọ sí i. Bí àwa akaomi bá wọlé pẹ̀lú orúkọ tiwa, àṣẹ mẹ́ta péré ló ń tò síwájú wa: ka omi, kọ ọ́ sílẹ̀, jáde. Wọ́n ní a ò lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. A gbà, ta ni yóò bá ẹnjiníà jiyàn?

3. Wákàtí wákàtí la ń ka omi. Kò sẹ́ni tó ń kọ àṣẹ lákọ̀tun nínú wa. Bọ́tìnnì olọ́fà, èyí tí wọ́n ya ọfà sí lára, la máa ń tẹ̀, yóò gbé àṣẹ ìkẹyìn padà wá, ẹni yòówù kó kọ ọ́, a ó sì ní kó máa ṣiṣẹ́ lọ. Ọdún mẹ́fà rèé. Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé ọ̀hún, ẹnjiníà fi àṣẹ pa gbogbo pọ́ǹpù kó lè pààrọ̀ bẹ́líìtì kan, ó sì fọwọ́ tàn wọ́n padà. Àǹtí Jẹ́jẹ́ fi orúkọ tirẹ̀ wọlé sórí kọ̀ǹpútà lẹ́yìn rẹ̀, ó tẹ olọ́fà bí ìṣe wa, kò wojú kọ̀ǹpútà. Háà! Àṣẹ ẹnjiníà ló jáde, kọ̀ǹpútà sì tẹ̀lé e láìbéèrè ẹni tó pàṣẹ. Omi dá ní ìdajì ìlú fún wákàtí méjì gbáko.

4. Àìwòye ni ẹ̀bi tirẹ̀, mi ò ní bò ó. Ṣùgbọ́n ẹnjiníà kọ ọ́ fún yín pé orúkọ akaomi kò lè pa pọ́ǹpù láéláé, pé ńṣe ni Àǹtí Jẹ́jẹ́ jí páásíwọ́ọ̀dù òun. Ẹ gbà mí o! Obìnrin tó ń dá bírò tó yá padà kí ilẹ̀ tó ṣú! Òótọ́ ibẹ̀ ni pé wọ́n fi àwọn àṣẹ yòókù pamọ́ fún wa, wọn ò tì wọ́n. Ilẹ̀kùn tí a fi kọ́tìnnì bò kò tíì di ilẹ̀kùn títì. Ká lé akátá lọ ná, ká tó fàbọ̀ bá adìyẹ wí.

5. Mo bẹ̀ yín, kí kọ̀ǹpútà máa yẹ ẹni tó ń pàṣẹ wò kó tó tẹ̀lé àṣẹ èyíkéyìí, ìbáà hàn lójú rẹ̀ tàbí kó má hàn. Kí ẹ sì pa orúkọ olè rẹ́ kúrò lára Àǹtí Jẹ́jẹ́, kí ó padà sẹ́nu iṣẹ́.

6. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹni tó pa pọ́ǹpù ni ẹ máa lé, a ti di méjì. Ní agogo mọ́kànlá òwúrọ̀ àná, mo fi orúkọ akaomi temi wọlé, mo sì fọwọ́ ara mi kọ àṣẹ tó ń pa pọ́ǹpù ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kọ̀ǹpútà sì pa gbogbo wọn. Ìwé tí kọ̀ǹpútà tẹ̀ jáde wà lẹ́yìn lẹ́tà yìí. Bó bá jẹ́ pé omi dá lójijì lánàá nígbà tí ọṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ yín ní Àjà Kẹta, ẹ má bínú, èmi ni.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á tán.

Èmi ni tiyín, títí di Ọjọ́bọ̀ ó kéré tán,
Olórí Àwọn Akaomi.