Ẹni Tí À Ń Yẹ̀ Wò Kì í Sọ̀rọ̀

Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́

Mo rò pé òní ni Ọ̀jọ̀gbọ́n máa lé mi kúrò nínú ìwádìí àrùn ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń ṣe. Ọdún kìíní ní yunifásítì ni mo wà. Kí ni mo tiẹ̀ mọ̀?

Láàárọ̀, mo yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wò fún ìyá mẹ́wàá ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, gbogbo rẹ̀ ló ga. Ìgbà tí mo padà dé ni mo rántí pé ẹni tí à ń yẹ̀ wò kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, torí ọ̀rọ̀ sísọ máa ń gbé e ga. Èmi sì rèé, bí ẹ̀rọ ṣe ń fún wọn lápá ni mò ń béèrè ilé, ọmọ àti ọjà, tí wọ́n ń dá mi lóhùn. Ta ló ń pàdé àgbà láìkí wọn?

Mo kúnlẹ̀ níwájú Ọ̀jọ̀gbọ́n, mo jẹ́wọ́. "Ẹ má bínú, mà."

Wọ́n wo ìwé tí mo kọ èsì sí, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ká ní o ò sọ ni, à bá kọ ọ́ pé gbogbo Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ló lẹ́jẹ̀ ríru. Lọ́la, kọ́kọ́ kí wọn tán kó o tó so ẹ̀rọ mọ́ wọn lápá. Lẹ́yìn náà, panu mọ́."

Lọ́la ni wọ́n sọ. Wọn ò lé mi.

Mo fi màmá mi dánra wò nílé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n bi mí pé ta ló bí mi nínú tí mo fi fajú ro. Lẹ́ẹ̀kẹta, àwa méjèèjì dákẹ́ títí ẹ̀rọ fi dún.