Aṣọ Tí Mo Gbà Lọ́wọ́ Yín

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ má wo ọwọ́ ìwé mi. Ìwé kẹrin tí mo kà kí n tó kúrò níléèwé, mo ti gbàgbé ìdajì rẹ̀.

Mo ti lọ́kọ o. Ore la ń gbé, ọkọ mi ń bá àwọn onígẹdú ṣiṣẹ́. Ojú ṣì máa ń tì mí láti jẹun níwájú rẹ̀. Ẹ̀ bá fi mí rẹ́rìn-ín. Ìyá ọkọ mi wà lọ́dọ̀ wa, ẹ̀gbà ti mú wọn lápá òsì àti lẹ́sẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn ló jẹ́ kí n kọ̀wé, àmọ́ tiyín ló ń dùn mí.

Lọ́dún tí a gba òmìnira yìí, wọ́n gbé nọ́ọ̀sì kan wá sí Odigbo, ọmọbìnrin tí kò fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ. Ọjọ́bọ̀ ló máa ń kó àwa obìnrin jọ, kó kọ́ wa bí a ṣe ń tọ́jú aláìsàn nílé. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ọṣẹ àti omi gbígbóná ni. Ohun tó kọ́kọ́ bi wá ni pé ta ló ni ara aláìsàn. Ẹnì kan ní Ọlọ́run ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ta ni Ọlọ́run fi ṣọ́ ọ? Ó ní dókítà ń wá àìsàn kiri, ẹni tó ń ṣàìsàn ni tiwa; ara rẹ̀ sì ni ìlú rẹ̀, kí a kanlẹ̀kùn kí a tó wọ̀ ọ́. Ohun tó bá lè ṣe, kí a jẹ́ kó ṣe é. Èyí tí kò bá lè ṣe, kí a bi í ká tó bá a ṣe é.

Ìyá kan láti Agbabu ní, “Nọ́ọ̀sì, bí ọkọ mi bá dùbúlẹ̀, ṣé kí n kọ̀wé sí i kí n tó fún un lẹ́kọ ni?”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ó wá ní, “Ìyá, àwọn òyìnbó náà ní àwọn ń tọ́jú wa ni. Ṣé wọ́n bi yín?”

Ẹ̀rín tán. Mi ò lè gbójú sókè. Ọwọ́ yín ni mo ń rí.

Nígbà tí ẹ wà lórí àìsàn, ọjọ́ tí àwọn ará ilé àdúrà wá kí yín ní Omifunfun, mo gbé omi wá láti wẹ̀ fún yín. Mo fẹ́ kí wọ́n rí bí mo ṣe ń tọ́jú yín. Ojú gbogbo wọn ni mo ti tú aṣọ lára yín. Ẹ ò lè sọ̀rọ̀ mọ́, àmọ́ ẹ fi ọwọ́ tó ṣì lágbára díẹ̀ di etí aṣọ náà mú. Mo tú ìka yín lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé. Wọ́n ní ọmọ bí èmi ṣọ̀wọ́n. Bàbá, inú mi dùn. Ẹ yíjú sí ògiri, mo rò pé oorun ni.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í wẹ̀ lódò àyàfi tí gbogbo ọkùnrin yòókù bá ti lọ. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wúkọ́ kí ẹ tó wọ yàrá àwa ọmọbìnrin yín. Ẹ ti ń kọ́ mi láti kékeré, mi ò mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ni. Ṣé ìtìjú yẹn lẹ gbé lọ sọ́run?

Lánàá, mo gbé omi lọ bá ìyá ọkọ mi. Mo ti pinnu pé n ó wẹ̀ fún wọn dáadáa, bóyá n ó lè fi tún tiyín ṣe. Mo wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ìyàwó tuntun, ta ni mo jẹ́ tí n ó máa bi ìyá ọkọ léèrè ọ̀rọ̀? Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Ìyá, báwo lẹ ṣe fẹ́ kí n ṣe é?”

Wọ́n ní, “Láti ìgbà tí ẹsẹ̀ yìí ti kú, ẹnikẹ́ni ò bi mí ní nǹkan kan. Mi ò fẹ́ kí o wẹ̀ fún mi. Gbé omi sún mọ́ mi, kí o kọjú sóde.”

Ó dùn mí díẹ̀. Mo kọjú sóde. Ó pẹ́ gan-an. Omi dà sílẹ̀, ọṣẹ bọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ọwọ́ mi fẹ́ sáré lọ mú un, mo fi èkejì dì í mú. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún wé aṣọ mọ́ra fúnra wọn. Kò gún régé. Mi ò tún un wé.

Bàbá, aṣọ yín rèé. Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́. Ẹ gbà á lọ́wọ́ mi.

Èmi ọmọ yín tí mo fẹ́ràn yín,
tí mo ń wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà yín báyìí.