Kíbọ́ọ̀dù Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Onílé

                                                  Ojúlé Kẹsàn-án, Àdúgbò Ìfẹ́sowápọ̀,
                                                  Ìjù-Ọ̀tà,
                                                  Ìpínlẹ̀ Ògùn.
                                                  Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kọkànlá, 2024.

Bùkọ́lá mi, ọ̀rẹ́ ìgbà èwe,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, àti ìyá ọkọ rẹ tí wọ́n ní ọbẹ̀ rẹ kì í ta tó? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń sùn báyìí kí ẹ̀yin náà lè sùn? Ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ láti ìgbà tí o ti bímọ, ṣé ó ti fúyẹ́? Òṣogbo ńkọ́, ṣé ara rẹ ti mọ́lé níbẹ̀? Tiwa níbí, alihamudulilahi, a ò rojọ́. Màámi ní kí n kí ọ kí n tó kọ ohunkóhun mìíràn, mo sì ti kí ọ báyìí kí wọ́n má baà bi mí.

Mo mọ̀ pé ẹnu á yà ọ́ láti rí lẹ́tà gidi, tí a fi bírò kọ. Ìwọ náà lo ní kí n má fi ohùn ránṣẹ́ sí ọ lórí fóònù mọ́, pé ọ̀rọ̀ mi máa ń gùn títí ìrẹsì fi máa ń jóná lórí iná rẹ. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ìdí mìíràn wà tí mi ò fi fi kọ̀ǹpútà kọ ọ́, wàá rí i níwájú. Má bínú sí ọwọ́ ìkọ̀wé mi, o ṣáà mọ̀ pé láti ilé ìwé ló ti rí báyìí.

Ọ̀rọ̀ Bàbá mi ni mo fẹ́ sọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ táìpù ní ilé-iṣẹ́ kan ní Agbara, ipò akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa ni gbogbo ayé wọn. Tí wọ́n bá jí, kí wọ́n tó mu tíì, wọ́n á ti lọ wo géètì bóyá ìkéde tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń lo taipuráítà, kò sẹ́ni tó ká wọn mọ́ àṣìṣe rí. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ní kí gbogbo nǹkan máa gba orí kọ̀ǹpútà wàyí, ìka Bàbá mi sì tóbi bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà. Tí wọ́n bá tẹ bọ́tìnnì kan lórí láptọ́ọ̀pù mi, aládùúgbò rẹ̀ á bá a lọ sílẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án, wọ́n gbé ìkéde síta pé ìpàdé yóò wáyé ní aago 45 ìrọ̀lẹ́. Àwọn kan wá ní aago mẹ́rin, àwọn kan wá ní aago márùn-ún, àwọn tó kù jókòó sílé, wọ́n ní àwọn ń dúró kí aago márùndínláàádọ́ta lù.

Níbẹ̀ ni Bùrọ̀dá Ephraim ti dìde. Ìwọ ò mọ̀ ọ́n, lẹ́yìn tí o lọ ló kọ́lé sí àdúgbò wa. Yunifásítì ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì máa ń fi ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá táìpù láìwo ọwọ́. Mo mọ̀ pé ó jù mí lọ, ṣùgbọ́n mi ò tíì ní pè é ní "wọ́n" nínú lẹ́tà yìí, nítorí inú ń bí mi sí i. Ó fi àdúrà bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó ní kí Bàbá wa lọ sinmi, kí òun bá wọn gbé ẹrù náà. Daddy Amos tí wọ́n jẹ́ alága ní kí á má bára jà. Wọ́n ní ní ìpàdé oṣù Kọkànlá, kí àwọn méjèèjì jókòó kọ gbogbo ohun tí a bá sọ sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, kí wọ́n sì kà á sétí ilé. Ẹni tí tirẹ̀ bá pé jù ni akọ̀wé. Bàbá mi délé lọ́jọ́ náà, wọ́n ò jẹ ẹ̀bà. Ṣé ìwọ ti rí i rí kí Bàbá mi kọ ẹ̀bà? Àánú wọn ṣe mí gan-an.

Èmi náà bá lanu, mo ní màá ṣe kíbọ́ọ̀dù tiwọn fún wọn. Bùkọ́lá, mi ò mọ ohun tó gbé ọ̀rọ̀ yẹn sí mi lẹ́nu. Lóòótọ́, èmi ni mò ń tún iná àwọn ẹ̀rọ ike ṣe níbi iṣẹ́ wa, mo mọ bọ́ọ̀dù, pátákó pẹlẹbẹ inú ẹ̀rọ tí iná ń gbà kọjá, èyí tó ti kú yàtọ̀ sí èyí tó wà láàyè, ṣùgbọ́n mi ò ya ọ̀kan rí. Àwọn èèyàn kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n máa ń ṣe kíbọ́ọ̀dù ara wọn, wọ́n á sì máa jà lórí èyí tó dún dáadáa jù bí àwọn mìíràn ṣe ń jà lórí bọ́ọ̀lù. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti rí ètò kan tí wọ́n fi ń ya bọ́ọ̀dù lórí kọ̀ǹpútà. Wàá kọ́kọ́ to bọ́tìnnì síbi tí o fẹ́ kó wà, wàá wá máa fa ìlà tóóró láti ọ̀kan dé èkejì, ojú ìlà yẹn ni iná máa gbà. Òfin tó le jù níbẹ̀ ni pé ìlà kan ò gbọdọ̀ dábùú òmíràn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo rẹ̀ á dàrú. Tí o bá parí, wàá fi ránṣẹ́ sí Ṣáínà, wọn á sọ ọ́ di bọ́ọ̀dù gidi, wọn á sì gbé e padà fún ọ.

Nǹkan méjì ni Bàbá mi sọ pé àwọn ń fẹ́. Wọ́n ní kí ẹ, ọ àti ṣ ní bọ́tìnnì tiwọn, kí àwọn yé wá àmì kiri. Èkejì ni pé ó gbọ́dọ̀ máa dún. Wọ́n ní tí èèyàn bá ń táìpù tí ará yàrá kejì ò gbọ́, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́? Mo lọ wá irú súwíìsì, ìyẹn ohun tó máa ń wà lábẹ́ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan, tó ń pariwo jù lọ, mo sì rí i.

Wọn ò jẹ́ kí n ya bọ́ọ̀dù náà lémi nìkan. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, wọ́n á ti gbé àga wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Nígbà tí wọ́n rí bí bọ́tìnnì ṣe tò ní ìlà-ìlà tí ọ̀nà sì gba àárín wọn, wọ́n ní àdúgbò nìyí, kì í ṣe kíbọ́ọ̀dù. Láti ìgbà náà, ojú akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé ni wọ́n fi ń wò ó. Wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó ni ilé tó wà ní kọ́nà, tí ọ̀nà méjì fi wọlé rẹ̀. Wọ́n ní kí n fi àyè gọ́tà sílẹ̀. Màámi náà yọjú, wọ́n rí bọ́tìnnì gígùn tó wà nísàlẹ̀, wọ́n ní pálọ̀ yẹn dára, ṣùgbọ́n kíṣìnnì dà? Mo ní kò sí kíṣìnnì. Wọ́n ní irú ilé wo nìyẹn, wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Ẹ̀rín lò ń rín, àbí? Ọjọ́ kan wà tí ìlà kan há mọ́ mi lọ́wọ́. Gbogbo ibi tí mo bá gbé e gbà, ìlà mìíràn ti dábùú ibẹ̀. Bàbá mi wò ó títí, wọ́n ní, "Lu ihò síbẹ̀ jàre, jẹ́ kó gba abẹ́ lọ, bí a ṣe ṣe gọ́tà iwájú ilé Daddy Amos." Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ sì ni àwọn tó ń ya bọ́ọ̀dù ṣe ń ṣe é, Bùkọ́lá. Mo lu ihò, ìlà gba ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù kọjá. Nígbà tó fi máa di Jímọ̀, àwọn tí wọ́n jọ ń kírun ti gbọ́ pé Bàbá mi ti di ẹnjiníà.

Ìmọ̀ràn àwọn ará íńtánẹ́ẹ̀tì ni pé kí á tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́, kí á tẹ àwòrán náà sórí ìwé ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an, kí á wá to bọ́tìnnì gidi lé e lórí wò. Mo gbé e lọ bá Silas, tó ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà lójú ọ̀nà Sango. Èèyàn dáadáa ni Silas, ṣùgbọ́n ìwé kì í jáde ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kó má fi bọ́dà olódòdó yí i ká. Ìwé ìwáṣẹ́ ni o, ètò ìsìnkú ni o, òdòdó á wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó fi sí tèmi náà. Mo rẹ́rìn-ín, mo ká ìwé mi, mo lọ sílé.

Nígbà tí mo to bọ́tìnnì lé ìwé náà, wọ́n ń gun ara wọn léjìká. Kò sí àyè. Mo ní kọ̀ǹpútà sọ pé àyè wà. Bàbá mi ní kọ̀ǹpútà lè sọ ohun tó bá wù ú, ìwé ló wà níwájú wa yìí. Ó sì jọ òótọ́ lójú mi, nítorí nínú ilé wa, ohun tó bá ti wà lórí ìwé, tó tún ní bọ́dà, kò sẹ́ni tó ń bá a jiyàn. Mo fi rúlà wọn bí àyè náà ṣe dín tó, mo padà sórí kọ̀ǹpútà, mo fa bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan jìnnà sí èkejì rẹ̀, mo tún gbogbo ìlà fà. Mi ò tún padà sọ́dọ̀ Silas. Mo ní bísímílà, mo fi í ránṣẹ́ sí Ṣáínà.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni bọ́ọ̀dù náà dé. Mo tú u, mo gbé e lé ẹsẹ̀, ó bo itan mi méjèèjì, ó tún yọ síta. Màámi béèrè bóyá tíréè búrẹ́dì ni. Mo gbé òun àti ìwé olódòdó lọ bá Silas, mo bi í pé kí ló ṣe sí iṣẹ́ mi. Inú rẹ̀ dùn pé mo béèrè. Ó ní, "Sístà, mo kàn fà á wọlé díẹ̀ ni, kí bọ́dà lè jókòó dáadáa. Mi ò gba owó ìyẹn lọ́wọ́ yín o, jàárà ni."

Nítorí òdòdó ni Silas ṣe sọ ọ́ di kékeré, nítorí ìyẹn lèmi náà ṣe sọ ọ́ di ńlá. Ọjọ́ Sátidé ni ìpàdé, Ṣáínà ò sì sí ní Agbara. Mo jókòó sẹ́yìnkùlé wa, mo sunkún gidi. Kì í ṣe bọ́ọ̀dù ló ń dùn mí. Ohun tó ń dùn mí ni pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ni wọ́n fẹ́ fi rín Bàbá mi lẹ́rìn-ín níwájú gbogbo àdúgbò, wọ́n á sì gba ìwọ̀nba ohun tó kù tí Bàbá mi fi ń jí láàárọ̀ lọ́wọ́ wọn.

Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ ṣe? Àárín bọ́tìnnì ni mo fẹ̀, ihò tí súwíìsì máa wọ̀ ṣì pé ní tirẹ̀. Mo gba àyè níbi iṣẹ́ ní Jímọ̀, mo fi òjé gbígbóná lẹ gbogbo wọn mọ́lẹ̀. Káfíńtà wa fi àjẹkù pákó ilẹ̀kùn kan àpótí fún un. Láàárọ̀ Sátidé, mo so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù mi, mo gbé e síwájú Bàbá mi, mi ò lè wo ojú wọn.

Wọ́n tẹ 4. 4 nìkan ló jáde. Wọ́n tẹ 5, 5 nìkan ló jáde. Wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Bùkọ́lá, gbogbo ọgbọ́n mi ti lọ sórí ariwo àti àmì abẹ́ lẹ́tà, kò sọ sí mi lọ́kàn rí pé àyè ni ìka yẹn ń wá látẹ̀yìnwá. Wọ́n táìpù ìkéde odindi, ẹyọ lẹ́tà kan ò fẹsẹ̀ kọ. Wọ́n wá rọra sọ pé, "Ruqoyah, o ṣeun, ọmọ mi." Mo tún sunkún, ṣùgbọ́n èyí dùn. Ká tó jẹun ọ̀sán, ará ilé kejì ti ránṣẹ́ wá béèrè bóyá a ti ń pa ẹ̀kùrọ́ tà.

Nínú ọgbà Daddy Amos la ti ṣe ìpàdé. Wọ́n fi àwọn méjèèjì jókòó sídìí tábìlì kan náà, Bàbá mi sì gbé kíbọ́ọ̀dù wọn lé e, ó kù díẹ̀ kó ti láptọ́ọ̀pù Bùrọ̀dá Ephraim bọ́ sílẹ̀. Bí Daddy Amos ṣe lanu báyìí, ariwo kíbọ́ọ̀dù Bàbá mi bẹ̀rẹ̀. Ariwo yẹn kì í ṣe kékeré. Ọdún gbọọrọ ni Bàbá mi fi jókòó láàárín taipuráítà ní Agbara, etí wọn ti mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ọ̀rọ̀ nínú ariwo. Etí Bùrọ̀dá Ephraim ò mọ̀ ọ́n. Mo ń wò ó tó ń na ọrùn bí ẹni ń wá mọ́tò.

Bàbá mi kọ́kọ́ ka tiwọn. Gbogbo rẹ̀ pé, títí kan ibi tí ìyá kan ti ní kí wọ́n fi ewúrẹ́ aládùúgbò òun sínú òfin. Nígbà tó kan Bùrọ̀dá Ephraim, ó dìde, ó kà pé: "Alága kí ilé káàbọ̀, wọ́n sì sọ pé, ariwo. Ìyá kan dìde lórí ọ̀rọ̀, ariwo. Ilé fẹnu kò pé kí á ní, ariwo." Olóòótọ́ ni, ohun tó gbọ́ ló kọ. Ẹ̀rín gba gbogbo ọgbà, òun fúnra rẹ̀ rín títí ó fi jókòó. Ó ní, "Alága, mo ti surrender. Ẹ jẹ́ kí Bàbá máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Màá ṣe igbákejì, ṣùgbọ́n ẹ fún mi ní àga tó jìnnà." Bí Bàbá mi ṣe di akọ̀wé padà nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, "wọ́n" ni mò ń pe Bùrọ̀dá Ephraim, wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ mi.

Silas ti kọ ọ́ sára bọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pé òun ń ṣe kíbọ́ọ̀dù. Bàbá mi fi gíláàsì sí ìwé olódòdó rẹ̀, wọ́n gbé e kọ́ sí pálọ̀, àwọn àlejò sì ń béèrè ibi tí ilẹ̀ náà wà.

Bá mi kí ọkọ rẹ, fẹnu ko àwọn ìbejì lẹ́nu fún mi, kí o sì sọ fún ìyá ọkọ rẹ pé ata wà ní Ìjù, màá fi ránṣẹ́. Gbogbo ilé ló kí ọ.

Ìdí tí mo fi fi bírò kọ ọ́ rèé o. Kíbọ́ọ̀dù náà àti láptọ́ọ̀pù mi wà lábẹ́ aṣọ funfun kan nínú yàrá Bàbá mi, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí i. Mo bẹ̀ wọ́n láàárọ̀ yìí pé kí wọ́n jẹ́ kí n fi kọ lẹ́tà sí ọ, pé èmi ni mo ṣáà ṣe é. Wọ́n gba ọwọ́ mi, wọ́n yẹ ìka mi wò dáadáa. Wọ́n ní ó tín-ín-rín jù, pé á máa já sí gọ́tà àárín bọ́tìnnì.

Ọ̀rẹ́ rẹ, oníka tín-ín-rín,
Ruqoyah