Bí Pírínsípà Ṣe Di Adelé

Ọjọ́ Ajé, 6 Ọ̀wàrà

Ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Èmi tí mo fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ mi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìtàn tí wọn kò fẹ́ gbọ́, mo ti di òǹkọ̀wé ìtàn alàwòrán orí fóònù.

Àbíkẹ́yìn ló fà á — ọmọbìnrin wa tó kéré jù, tó ń yàwòrán jẹun, tó padà wálé wá gba yàrá ẹ̀yìn lọ́wọ́ àwọn àpótí wa. Ó ní, "Dádì, ẹ ní ìtàn, mo ní ọwọ́. Ẹ jẹ́ ká pa á pọ̀." Mo bi í pé ta ni yóò kà á. Ó ní àwọn tó sùn ní kíláàsì mi.

Bí ó ṣe lọ nìyí. Nọ́ọ̀sì kan wọ ẹ̀rọ agbéniròkè ní ilé ìwòsàn, ó tẹ bọ́tìnnì kan tí kò sí níbẹ̀ lánàá. Ilẹ̀kùn ṣí — ó bọ́ sí igba ọdún sẹ́yìn, nínú ìlú olódi kan tí ọba rẹ̀ jẹ́ ọmọdé tí kò tíì ká eyín. Adelé ló ń ṣèjọba dè é. Adelé ọ̀hún ti jókòó sórí ìtẹ́ débi pé ìtẹ́ ti gba àwòrán ìdí rẹ̀. Nọ́ọ̀sì fẹ́ kí ọmọ yẹn dàgbà. Adelé kò kánjú sí i.

Kóòtù ní òun ń gbọ́. (Ìyàwó mi ni Kóòtù. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀, nítorí ìdájọ́ rẹ̀ kò ní kòtẹ́milọ́rùn.) Ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ kì í lè ya fọ́tò láìfi àtàǹpàkò bo ojú ènìyàn." Mo ní èmi kọ́ ni n ó yà á. Ó ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Ọjọ́rú, 8 Ọ̀wàrà

Ìjà ọjọ́ kìíní. Àbíkẹ́yìn fi aago sí Adelé lọ́wọ́. Mo ní kò sí aago ọwọ́ nígbà náà. Ó pa á rẹ́. Ó ya fèrèsé onígíláàsì. Ó pa á rẹ́. Ó ya sípì sí ẹ̀yìn aṣọ ìyá ọba.

"Dádì, ẹ̀yìn ni. Ta ló máa wo ẹ̀yìn?"

Mo ní iṣẹ́ òpìtàn nìyẹn, kó máa wo ẹ̀yìn. Ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tó gbé àpò sìmẹ́ǹtì.

Ṣùgbọ́n òun náà rí tèmi mú. Ó ní Adelé kò níyè nínú. Ó burú láàárọ̀, ó burú lálẹ́, kò tún mọ nǹkan mìíràn ṣe. Ó ní, "Ẹ wá ènìyàn gidi tẹ́ ẹ mọ̀, kẹ́ ẹ jí ìṣe rẹ̀." Báyìí ni ọmọ mi ṣe ń kọ́ mi lólè jíjà.

Ọjọ́bọ̀, 9 Ọ̀wàrà

Mo ti rí i! Iwájú mi ló jókòó sí nírọ̀lẹ́ yìí, tó ń fi ọba díráàfù rẹ̀ jẹ ọmọ mi ní méjì-méjì.

Pírínsípà. Ọ̀gá mi àtijọ́, aládùúgbò mi ní òdìkejì títì, ọ̀rẹ́ mi. Ó ti fẹ̀yìntì, ṣùgbọ́n kò tíì sọ fún ọrùn rẹ̀, ó ṣì ń gbé e ga. Kì í wá kí wa, ó máa ń wá bẹ̀ wá wò ni. Ó máa ń fa áńkáṣífì yọ, á nu àga kó tó jókòó — àga tèmi, lójú Kóòtù. Á wú ikọ́, á wú u lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà ni "Ní kúkúrú."

Ẹni tó bá ní ibi í lọ, kó dìde kí "Ní kúkúrú" tó délẹ̀. Lọ́jọ́ kan lórí ìlà àárọ̀, lẹ́yìn "Ní kúkúrú" kan ṣoṣo, ọmọ méjì dákú. Ó ní kí wọ́n gbé wọn sí ibòòji, ó sì tẹ̀ síwájú.

Mo kó gbogbo rẹ̀ fún Adelé — áńkáṣífì, ikọ́, ọrùn, "Ní kúkúrú". Kálàmù kò fẹ́ dúró. Bí mo ṣe ń ka ọ̀rọ̀ Adelé fún Àbíkẹ́yìn ló ń yà á, ló ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀. "Dádì! Ó ti ń mí!"

Ọjọ́ Àìkú, 12 Ọ̀wàrà

Apá kẹta jáde. Nínú rẹ̀, iná ń jó ààfin, Adelé wá dìde, ó nu àga, ó ní, "Ní kúkúrú." Nígbà tó fi máa parí, iná ti kú fúnra rẹ̀.

Àwọn òǹkàwé ya bò wá. Wọ́n ń fi "Ní kúkúrú" bẹ̀rẹ̀ gbogbo ohun tí wọ́n ń kọ. Ẹnì kan kọ ọ́, kò wá kọ nǹkan mìíràn tẹ̀ lé e. Mo rẹ́rìn-ín títí Kóòtù fi wá wò bóyá ara mi le.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 Ọ̀wàrà

Pírínsípà ti ń kà á! Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló fi sórí fóònù rẹ̀.

Ó wọlé tòun ti ẹ̀rín. "Tíṣà! Mo mọ ọkùnrin yìí! Adelé yìí, mo mọ̀ ọ́n dáadáa!" Ọkàn mi já sí ìsàlẹ̀ sálúbàtà. "Sìpẹ́kítọ̀ onígbèéraga yẹn ni, èyí tó máa ń wá wo ìwé wa lọ́dọọdún! O ti mú un gan-an. Irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ kì í mọ̀ pé òun ń yọ ayé lẹ́nu." Ó fa áńkáṣífì yọ, ó nu àga, ó jókòó. "Ní kúkúrú, Tíṣà —"

Kóòtù fi ìborùn di ẹnu, ó sá wọ yàrá. Èmi kò rí ibi sá sí. Ó tó wákàtí kan. Mo kó gbólóhùn mẹ́ta níbẹ̀ fún apá karùn-ún.

Nígbà tó lọ tán, Kóòtù dájọ́: "Ẹ sọ fún un kí ẹlòmíràn tó bá yín sọ ọ́." Mo ní màá sọ. Ó ní nígbà wo. Mo ní oorun ń kùn mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 17 Ọ̀wàrà

Òǹkàwé kan ti rí sípì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18 Ọ̀wàrà

Ìpàdé àwa olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì. Ọ̀rọ̀ nípa òrùlé gbọ̀ngàn tó ń jò. Pírínsípà dìde. Ó wú ikọ́, ó wú u lẹ́ẹ̀kejì. "Ní kúkúrú —"

Ìlà ẹ̀yìn ló ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá tó máa ń kọ́ni ní ìṣirò ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Akápò tẹ̀ lé e. Ó di gbogbo ilé. Ẹnì kan kígbe pé, "Kábíyèsí Adelé!" — ni gbọ̀ngàn bá dàrú.

Ó kọ́kọ́ bá wọn rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí ẹni tí wọn kò tíì sọ àwàdà náà fún. Ó wo ọ̀tún. Ó wo òsì. Ó wo áńkáṣífì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rí i bí ó ṣe yé e — mo ti rí irú ojú bẹ́ẹ̀ lára ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé wọ́n lẹ bébà mọ́ òun lẹ́yìn láti àárọ̀.

Lẹ́yìn náà ló wò mí. Ẹ̀rín ni mo ń rín lọ́wọ́. Ẹnu mi kò tètè padé.

Ó jókòó. Kò nu àga.

Ọjọ́ Àìkú, 19 Ọ̀wàrà

Kò wá.

Ọjọ́ Ajé, 20 Ọ̀wàrà

Kò wá. Mo to díráàfù, mo bá ara mi ta á. Wọ́n nà mí.

Ọjọ́rú, 22 Ọ̀wàrà

Mo ti rí ojútùú. Mo kọ apá tuntun: Adelé jí láàárọ̀, ó sunkún, ó ronú pìwà dà. Ó gbé adé fún ọmọ ọba, ó dọ̀bálẹ̀ fún Nọ́ọ̀sì, ó ń pín aṣọ fún àwọn aláìní. Mo fún un ní ọ̀rọ̀ tó wúni lórí. Mo kọ ọ́ pé kí ojú rẹ̀ rẹwà díẹ̀ sí i. Bí Pírínsípà bá kà á, inú rẹ̀ á rọ̀.

Àbíkẹ́yìn kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Dádì, kí ló ṣe é?" Mo ní ènìyàn lè yí padà. Ó ní ní òru kan? Mo ní èmi ni mo ń kọ ọ́. Ó yà á, ṣùgbọ́n ó ń fi kálàmù tẹ tábílẹ́ẹ̀tì yẹn bí ẹni tó ń gún un ní abẹ́rẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 23 Ọ̀wàrà

Àwọn òǹkàwé bínú. "Ta ló fún Adelé ní májèlé?" "Ẹ dá ìkà wa padà." Ọ̀kan bi wá léèrè jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, bí Adelé bá ti di ènìyàn rere, kí ni Nọ́ọ̀sì tún ń ṣe níbẹ̀, kí ló dé tí kò padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Mo ti fi ọwọ́ ara mi pa ìtàn náà.

Àbíkẹ́yìn wá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi. Ojú rẹ̀ kò ṣeré. Ó ní òun mọ ẹni tí Adelé jẹ́, òun ti mọ̀ láti ọjọ́ tí ikọ́ ti wọ inú ìtàn. Ó ní kàkà kí òun máa ya Adelé onípìwàdà yìí lọ, òun á yọwọ́ níbẹ̀, ká pa á tì. Mo ní Pírínsípà kò wá ta díráàfù mọ́.

"Ẹ lọ bá wọn nílé wọn, Dádì. Ẹ má fi ìtàn mi bẹ̀ wọ́n."

Kóòtù ti ilé ìdáná dáhùn pé, "Ó wà nínú àkọsílẹ̀."

Ọjọ́ Ẹtì, 24 Ọ̀wàrà

Mo fẹ́ lọ. Òjò ń ṣú. Orúnkún ń ro mí pẹ̀lú.

Mo rí i nírọ̀lẹ́ ní òdìkejì títì, ó ń bomi rin òdòdó rẹ̀. Mo gbé ọwọ́ sókè. Ó yí ẹ̀yìn sí mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá òdòdó sọ̀rọ̀. Òjò tí mo ní ó ń ṣú kò rọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 26 Ọ̀wàrà

Àbíkẹ́yìn gbé apá tuntun jáde láìfi hàn mí. Ó ní ibà ló mú Adelé tó fi ń ṣe rere, Nọ́ọ̀sì ti fún un lóògùn, ara rẹ̀ ti yá, ó ti gba adé padà. Ó dára. Mo rẹ́rìn-ín.

Ni mo bá fi ìka yí ojú fóònù sísàlẹ̀, mo rí ẹnì kan tí n kò kọ.

Akọ̀wé ààfin. Ó fara pamọ́ sẹ́yìn òpó, ó gùn tín-ín-rín, ó so gíláàsì ojú mọ́ orí pẹ̀lú òwú. Kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Iwájú Adelé, "Kábíyèsí" ni. Ẹ̀yìn Adelé, á fa ìwé kékeré yọ, á kọ ọ́ sílẹ̀, èjìká rẹ̀ á máa gbọ̀n fún ẹ̀rín. Gbogbo ààfin ló fún lórúkọ ìnagijẹ. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ̀.

Mo pe Àbíkẹ́yìn. Mo ní igba ọdún sẹ́yìn, ìlú yẹn kò ní gíláàsì ojú.

Ó ní, "Dádì. Ṣé gíláàsì nìkan lẹ rí?"

Kóòtù gba fóònù, ó wò ó, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láti lè rẹ́rìn-ín dáadáa. Àwọn òǹkàwé náà ti débẹ̀. Èyí tó wọ̀ mí lára jù: "Adelé sàn. Ìta gbangba ni tiẹ̀ wà."

Mo bọ́ gíláàsì mi tòun ti òwú rẹ̀. Mo tún wọ̀ ọ́. Kò sí bí mo ṣe fẹ́ ṣe é.

Ọjọ́ Ajé, 27 Ọ̀wàrà

Àbíkẹ́yìn fi àwòrán kan sílẹ̀ fún mi lórí tábìlì. Adelé ti di Akọ̀wé mú lẹ́yìn òpó. Ó ní, "Ka ohun tó o kọ fún mi." Ibi róbótó tí ọ̀rọ̀ Akọ̀wé yẹ kó wà, òfìfo ni.

Mo gbìyànjú rẹ̀ láti àárọ̀. Mo kọ òwe sí i. Mo kọ àwàdà. Mo kọ àlàyé kan tó gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ìbá bo Adelé lójú. Mo fa gbogbo rẹ̀ ya.

Kóòtù gba ibẹ̀ kọjá. "Ẹni tó bi í kò sí nínú bébà," ó ní. Ó lọ sùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 28 Ọ̀wàrà

Mo lọ.

Pírínsípà fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, síńgílẹ́ẹ̀tì ló wọ̀. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Akọ̀wé," ó ní. "Wọlé."

Àṣé ó ṣì ń kà á.

N kò jókòó. Mo ní, "Ọ̀gá, èmi ni mo kọ Adelé, ẹ̀yin sì ni mo wò kọ ọ́. Ẹ wá bá mi ní ilé mi, ẹ rò pé ẹlòmíràn ni, mo jẹ́ kẹ́ ẹ rò bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi yín rẹ́rìn-ín, mo bá wọn rín in. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ lójú yín ṣáájú gbogbo ayé. Ẹ má bínú. N kò ní ẹlòmíràn tó ń bá mi ta díráàfù nírọ̀lẹ́."

Kò sí àwàdà kankan níbẹ̀ tí mo lè dì mú.

Ó wá fa àga kan síta, ó tì í sí ọ̀dọ̀ mi. Lẹ́yìn náà ló gbé ọrùn sókè, gbogbo rẹ̀.

"Sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i," ó ní, "kí ìyàwó mi gbọ́."

Ìyàwó rẹ̀ dáhùn láti yàrá pé, "Mo ti gbọ́ o, Bàbá! Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó!"

"Kò gbọ́ ọ dáadáa," ni Pírínsípà wí.

Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó ní kí n gbé ohùn sókè díẹ̀, nítorí àwọn tó wà lẹ́yìn.