Èdè Ìlàjẹ Kò Di Ọmọ Lẹ́nu

Zion Pepe,
Ọjọ́rú.

Jọọlá ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà, ṣé ara ọkọ rẹ le? Olúwa tó ń mú ọkọ̀ wa la ìgbì já kò ní jẹ́ kí o rì sí Èkó tí o wà yẹn. Àlàáfíà la wà níhìn-ín, edé pọ̀ lódò lọ́sẹ̀ yìí, ibi tí mo ti ń yan ẹja ni mo ti ń kọ ìwé yìí, bí o bá gbọ́ òórùn èéfín lára rẹ̀, má bínú.

Mo gbọ́ ohun tí o wí, pé o ń bọ̀ wá gbé Ọlọ́lá ọmọ rẹ kúrò lọ́dọ̀ mi ní Sátidé, nítorí ìyá ọkọ rẹ ní èdè Ìlàjẹ tí mo ń bá a sọ ni kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ títí ó fi pé ọmọ ọdún mẹ́rin. N kò gbà. Bí èdè Ìlàjẹ bá ń di ọmọ lẹ́nu, àwọn ọmọ wo ló ń fi ariwo jí mi létí odò láràárọ̀?

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí débi pé mo gbé ọmọ wọ ọkọ̀ lọ sí ọsibítù ní Ìgbókòdá. Nọ́ọ̀sì kan fi fóònù bo etí rẹ̀ méjèèjì, ó jókòó sí òdìkejì tábìlì, ó wá ń pè é, ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Mo ní kó má fi owó ìpè ṣòfò, kó kúkú pe orúkọ ọmọ. Ó ní kí n máa wò. Gbogbo ìgbà tí fóònù bá dún ni Ọlọ́lá ń nawọ́, ìpè kan kò bọ́ mọ́ ọn létí. Nọ́ọ̀sì ní etí rẹ̀ ń gbọ́ dáadáa. Mo ní mo mọ̀, bí mo bá dárúkọ oúnjẹ púpurú nínú ilé, láti etí odò ló ti ń sáré bọ̀.

Ó wá mú fọ́ọ̀mù jáde, ó béèrè ẹni tó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀ nínú ẹbí wa. A kì í fi ìkánjú dáhùn ọ̀rọ̀ ẹbí, nítorí náà mo bẹ̀rẹ̀ láti orí bàbá bàbá mi tó kọ́kọ́ da àwọ̀n sódò wa, mo ń ka gbogbo wọn bọ̀ títí mo fi dé orí rẹ. Ibẹ̀ ni nọ́ọ̀sì ti gbé ojú sókè.

Jọọlá, ìwọ tí ilé iṣẹ́ ń sanwó fún nítorí ẹnu rẹ, o kò sọ̀rọ̀ títí o fi pé ọmọ ọdún márùn-ún. Bàbá rẹ ní ká má sọ ọ́, kí wọ́n má baà fi bú ọ nílé ọkọ, mo sì pa á mọ́ títí ó fi kú. Ó tó gẹ́ẹ́. Nọ́ọ̀sì ní ó lè wà nínú ẹ̀jẹ̀, pé nígbà mìíràn wọn kì í tilẹ̀ mọ ohun tó fà á, ṣùgbọ́n èdè méjì tàbí mẹ́ta kọ́ ló ń fà á. Ó ní ká máa bá a sọ èyí tó rọ̀ wá lẹ́nu jù, ká má sì káwọ́ gbera, kó máa wá kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ lọ́dọ̀ wọn ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ka ibí yìí fún ìyá ọkọ rẹ, kí o sì kà á sókè.

Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, ṣùgbọ́n má fi sí báńkì, n kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ní Sátidé, wá kí ọmọ rẹ, má wá gbé e. Bí o bá pè é lórí fóònù, má ní kó dá ọ lóhùn, ṣáà máa sọ̀rọ̀. Olúwa tó la ẹnu rẹ yóò la tirẹ̀. Ọdún márùn-ún gbáko ni bàbá rẹ fi bá ọ sọ̀rọ̀ tí o kò dá a lóhùn, Ìlàjẹ ló ń sọ, kò sì dákẹ́.

Èmi ni ìyá rẹ tí kò ní dákẹ́,
Tabitha.