Máàkì Mọ́rẹ́nikẹ́

Ọjọ́bọ̀, oṣù Ọ̀wàrà

Máàkì tí Mọ́rẹ́nikẹ́ ọmọ mi gbà nínú ìdánwò àwọn tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ dókítà kéré gan-an. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ sì ni deadline fọ́ọ̀mù wọn, torí fọ́ọ̀mù àwọn tó fẹ́ ṣe dókítà ló máa ń ṣáájú ti àwọn yòókù. Bí mo ṣe ti ibiṣẹ́ dé láti Camberwell nílùú òyìnbó níbí, orí àtẹ̀gùn ni mo bá a.

"Mummy, mi ò ní apply mọ́."

Bàbá mi ni mo rántí. Nígbà tí a wà ní Iléṣà, ọdún tí mo fìdí rẹmi nínú ìdánwò àtiwọ yunifásítì, ẹ̀rù bà mí láti wọlé lọ́jọ́ tí èsì jáde. Télọ̀ ni wọ́n, wọn kì í dáná rárá, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, àwọn fúnra wọn ni wọ́n sun àgbàdo fún mi. Wọ́n ní, "Ìwé ni wọ́n máàkì, wọn ò máàkì ọmọ mi."

Òórùn àgbàdo yẹn, mi ò tíì gbọ́ irú ẹ̀ ní Peckham…

Mo sọ ọ́ fún Mọ́rẹ́nikẹ́. Ó bi mí pé, "So ẹ wá pass ní second time?"

"Rárá o. Third time ni."

Ó rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Ajé. A jọ wá àwọn yunifásítì tí kì í fi máàkì yẹn nìkan yan èèyàn. Ó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ kí n tó bọ́ aṣọ nọ́ọ̀sì mi.