Omi Tí Lékeléke Kò Mú Wá

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù kẹta
Àbàtà ti fà. Omi tó kù kò ju èyí tí géètì omi wa dá dúró lọ, ibẹ̀ ni gbogbo ẹja àrọ̀ sá sí. Bí ìwọ̀nyí bá kú, kò sí èyí tó máa yé ẹyin mọ́, iṣẹ́ géètì parí nìyẹn. Ọ̀pọ̀lọ́ kò tilẹ̀ ké lálẹ́ mọ́. Mo ń sùn dáadáa, ká má purọ́.

Bàbá mi — Ọ̀gá Géètì, wọn ò gbọ́dọ̀ gbọ́ pé mo ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀ — ní lékeléke là ń retí. Bí lékeléke bá ti dé, omi odò ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìgbà yẹn la máa ń ṣí géètì, kí omi tó ti bàjẹ́ jáde, kí tuntun ráyè wọlé. Bí bàbá tiwọn náà ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Ìṣẹ́gun, 5
Kò sí ẹyẹ.

Ẹtì, 8
Lékeléke dé! Funfun báláú, lápá òkè àbàtà. Mo ní ká kọ́kọ́ lọ wo odò ná. Bàbá ní ṣé èmi ni mo fẹ́ kọ́ àwọn níṣẹ́ ni. Àwa méjèèjì la jọ ṣí géètì. Omi rọ́ jáde, ó ń rùn. Inú mi dùn, àní ó dùn.

Àìkú, 10
Omi ti jáde tán. Tuntun kò dé. Bàbá ní ó ń bọ̀.

Ajé, 11
Mo lọ sápá òkè. Katakata ń tú ilẹ̀ — iṣẹ́ àwọn tó fẹ́ gbin ìrèké. Lékeléke tò tẹ̀ lé e, wọ́n ń ṣa kòkòrò jẹ. Katakata ló pè wọ́n, kì í ṣe omi. Òkìtì yẹ̀pẹ̀ ràgàjì sì ti dí ọ̀nà tí odò ń gbà wá bá wa.

Mo rò ó fún bàbá lẹ́yìn oúnjẹ. Wọ́n bi mí bóyá mo ti ti ilé adìyẹ. Lẹ́yìn náà, wọ́n lọ ti géètì. Ẹrẹ̀ ni wọ́n tì mọ́lé.

Ọjọ́rú, 13
Àrọ̀ ń kú nínú ẹrẹ̀. Lékeléke ti wá síbí, wọ́n ń jẹun. Mo sọ wọ́n lókò. Wọn ò mọ nǹkan kan, mo mọ̀. Mo ṣì sọ wọ́n lókò. Ó dùn mí wọnú eegun.

Àbámẹ́ta, 16
Awakọ̀ katakata wá kí wa. Èèyàn jẹ́jẹ́, ó yọ fìlà. Ó ní àwọn onírèké ló rán òun kí òun wá dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá, pé ọpẹ́lọpẹ́ wọn tí wọ́n bá àwọn fa omi dànù, katakata ì bá rì síbẹ̀. Ó ní ó di Ajé káwọn mú katakata wọ àbàtà wa.

Bàbá wò ó títí. Wọ́n ní, "Kò tọ́pẹ́, ọmọ mi."